Ẹ̀gún Ni Ẹ Fi Sọ́wọ́

Ẹ̀yin ará Àrán-Ọ̀rin nílé lóko, ẹ̀yin tó wà ní Ìlọrin, ẹ̀yin tó wà ní Èkó, ẹ̀yin tó ti sọdá òkun, ẹ gbọ́. Inú mi kò dùn sí yín. Wọ́n ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Kì í ṣe ará Èsìẹ́, kì í ṣe ará Òmù-Àrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí òkò ọ̀rọ̀ yìí bá ta bá wọn, kí àwọn náà yáa fọwọ́ pa ojú ibẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín wa, ẹ kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Gàrí ló ń tà, fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ sí ọjà Òmù-Àrán. Lọ́jọ́ kan, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ tó wà níwájú tiwọn dúró, ìbọn dún, gbogbo èrò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ igbó. Nǹkan kan kò ha á lára. Ó délé, wọ́n kí i kú ewu, wọ́n pa adìẹ. Láti ìgbà náà ni kò ti wọ ọkọ̀ mọ́. Bí ọ̀kadà bá bú gbàù ní ìta, abọ́ ọwọ́ rẹ̀ á já bọ́. Bó bá jókòó, á máa ká etí ìró rẹ̀, á tú u, á tún un ká, títí etí ìró náà fi ya. Lóru, á dìde lọ wo ìdè ilẹ̀kùn, á padà wá dùbúlẹ̀, á tún dìde lọ wò ó. Ẹ̀kọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán á bá a nínú ewé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ sí i lójú mi, lójú àwọn ọmọ tó bí: “Ìyàwó, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n yìnbọn fún ni? Àwọn tí wọ́n gbé wọ igbó gan-an ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.”

Obìnrin náà kò fèsì. Etí ìró rẹ̀ ló ń ká.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹnì kan ló ni ín. Gbogbo wa la ni ín. Ẹnu yín ni mo ti ń gbọ́ ọ, ní ìdí omi, ní iwájú mọ́ṣáláṣí, ní àga àwọn àgbà. “Mọ́kàn le.” “Má ṣe bí ọ̀lẹ.” “Ìwọ àti ìrònú, kí ló dé?” Ẹ ó sọ ọ́ tán, ẹ ó gbọn aṣọ yín, ẹ ó máa lọ, bí ẹni tó ti fún aláìsàn lóògùn.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn apànìyàn wọ ààfin Kòrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara wa níbí, wọ́n pa Oníkòrò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, wọ́n sì gbé olorì lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Erúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó olùjọsìn 38 wọ igbó. Ọ̀pọ̀ yín ló wo fídíò ìkọlù náà lórí fóònù, tí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìròyìn dé pé gbogbo àwọn 38 ti gba ìtúsílẹ̀. A jó, a yọ̀. Àmọ́ lásìkò náà, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara, àwọn àgbẹ̀ fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè. Ìlú tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, tí ẹnì kankan kò wá pàdánù oorun níbẹ̀, ìlú náà gan-an ló yẹ ká gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n la ohun tó ń ṣe obìnrin yẹn yé yín, torí àìmọ̀ pọ̀ nínú ìkà yín ju ìkà fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ewu bá yọ, ọpọlọ kì í dúró gbìmọ̀. Kí ẹnu tó là, ó ti ránṣẹ́ sí ara. Ohun kékeré méjì wà tó jókòó lórí kíndìnrín wa ní ọ̀tún àti òsì, àwọn ló ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á kúrò níkùn lọ síbi itan àti apá, kí èèyàn lè jà tàbí kó sá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí inú fi ń rú, tí ọwọ́ fi ń tutù, tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, òun ló sì yọ àwọn baba wa lọ́wọ́ ẹkùn nígbà tí ẹkùn ṣì wà nínú igbó wa. Bí ewu bá ti lọ, ó yẹ kí ara rọlẹ̀.

Ti àwọn kan kì í rọlẹ̀. Ewu á lọ, ara kò ní gbà pé ó ti lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Òwe yẹn ti pẹ́ lẹ́nu yín, ẹ sì sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti rí ojú ẹni tí ejò bù jẹ ni. Bó bá kọjá oṣù kan tí oorun ẹnì kan ṣì kún fún ìran ọjọ́ yẹn, tó ń sá fún ọ̀nà yẹn àti ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí ìró kékeré ń mú un fò sókè, àìsàn ni, ó ní orúkọ nínú ìwé àwọn oníṣègùn, ó sì ní ìtọ́jú.

Mi ò sọ pé gbogbo ìdààmú ni àìsàn o. Másùnmáwo wà fún gbogbo wa: owó ilé ìwé, òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, ilé tí a kọ́ dé àjà tí owó tán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yanjú, ọkàn á balẹ̀. Ó di àìsàn nígbà tí ọkàn kò balẹ̀ mọ́ láìka pé ọ̀rọ̀ yanjú tàbí kò yanjú, tó ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tó gba oorun, tó gba oúnjẹ, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Òmíràn a máa dé lójijì, kódà sí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́: àyà á ṣàdédé máa sáré, èémí á gé, òógùn á bò ó, ìka ọwọ́ àti ètè á máa rìn bí ẹni pé èèrà wà níbẹ̀, yóò sì dá a lójú pé ikú ló dé yìí. Èémí tó ń sáré jù ló fa ti ìka àti ètè yẹn. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti le dé ibi tó máa le dé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan á máa bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò tún dé, ẹ̀rù yẹn fúnra rẹ̀ á sì wá di ẹ̀wọ̀n. Kò ní fẹ́ lọ sí ọjà mọ́, kò ní fẹ́ jókòó láàárín èrò ní ibi ìgbéyàwó. Ẹ̀yin á ní ó ń gbéra ga.

Ẹ má sì rò pé ogun àwọn agbébọn nìkan ló ń bí irú àìsàn yìí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà á pé èèyàn mílíọ̀nù 301 ló ní àìsàn àìbalẹ̀ ọkàn lágbàáyé ní ọdún 2019. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fọ̀rọ̀ wá èèyàn 4,984 lẹ́nu wò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2006. Nínú gbogbo àìsàn ọpọlọ tí wọ́n bá pàdé, ti àìbalẹ̀ ọkàn ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ sì ti mú ọwọ́ wọn wálẹ̀ pátápátá, nínú 100 wọn, nǹkan bíi mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Níbo ni àwọn 92 yòókù wà? Wọ́n wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé yín.

Ìwádìí míì tún wà tí àwọn ènìyàn Ìbàdàn yìí kan náà ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá, ọdún 2005 ló jáde. Wọ́n bi àwọn ènìyàn bíi tiwa léèrè nípa ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ. Nínú 100, àwọn tó lé ní 96 ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ léwu, ó lè ṣe èèyàn léṣe. Àwọn tó lé ní 82 ní ẹ̀rù á ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ lásán o! Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn ọmọ yín fi ń fi í pamọ́. “Wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí” lẹ fi tọ́ wọn dàgbà. Ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọ tí kò dùn-ún bí? Obìnrin tí àyà rẹ̀ ń já lóru, kàkà kó sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, á ní ibà ni, á ní orí fífọ́ ni, á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn ibà ni yóò sì máa lò títí ara rẹ̀ fi máa gbó.

Ibi tí mo wá fẹ́ dúró sí dáadáa ni ilé, torí ilé lẹ ti ń ṣe é.

Bí ẹni tí wọ́n jí gbé bá padà, ṣebí ẹ máa ń lọ kí i? Ó dára, àṣà wa ni, kò sì sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má lọ. Kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn ìkíni? Ẹ ó jókòó. Ẹ ó ní, “Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?” Onítọ̀hún á sọ ọ́. Àwọn mìíràn á dé, wọ́n á ní kó tún un sọ. Ní alẹ́, àna rẹ̀ á dé láti Ọ̀fà, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ á yọ fóònù síta, á ní kó sọ ọ́ kí òun ká a sílẹ̀. Ẹ ń tú egbò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ pè é ní ìbánikẹ́dùn. Àwọn WHO ti ṣe ìlànà lórí èyí ní 2013: wọn kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n jókòó ti ẹni tí aburú ṣẹ̀ṣẹ̀ bá, kí wọ́n máa fi ìbéèrè fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ, gbọ́. Bí kò bá fẹ́ sọ, gbálẹ̀ ilé fún un, bá a pọn omi, bá a mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan á sùn sínú ilé náà lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìlànà kan náà ní kí wọ́n má ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun bíi diazepam ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn aburú náà. Ẹ wá bá mi dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ló jókòó sídìí káńtà. Bàbá kan wọlé, ó ní oorun dá lójú òun. Ọmọ náà kò béèrè nǹkan kan, ó fi sísọ́ọ̀sì gé horo mẹ́rin nínú káàdì Valium, diazepam yìí kan náà, ó sọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ó gbowó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá ti padà wá, mẹ́fà ló fẹ́. Oògùn yìí a máa di bárakú kíákíá, bí ara bá sì ti mọ̀ ọ́n lára, bí a bá já a gbà lójijì, ìpayà tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé kò wúlò rárá, àwọn dókítà ń lò ó. Ọwọ́ dókítà ló yẹ kó wà, kì í ṣe ìdí sísọ́ọ̀sì. Àwọn ọkùnrin tí kò lọ sí kẹ́míìsì, ìdí paraga ni wọ́n wà. Ọtí á jẹ́ kí onítọ̀hún sùn ní aago mẹ́sàn-án, á jí i ní aago méjì òru, àyà á máa já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan obì, kí ẹ tó ní mo gbé ọwọ́ lé ohun mímọ́. Èmi náà ń jẹ obì, eyín mi sọ ọ́. Àmọ́ èròjà kaféènì wà nínú obì, irú èyí tó wà nínú kọfí, ó sì máa ń mú àyà sáré, ó máa ń lé oorun lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń sáré, tó ń jẹ obì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó tún fi àwọn ọtí alágolo tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣàìsùn lé e, kí ló fẹ́ kí àyà náà ṣe?

Ó kan ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀ báyìí. Ẹ má ní bàbá ti di kèfèrí. Èmi ń kírun, àbúrò mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí ilé Ìgbómìnà ṣe rí nìyẹn. Àdúrà ń tu ọkàn lára, mo mọ̀ ọ́n lára ara mi. Èwo wá ni ti ẹni tí kò rí oorun sùn fún oṣù méjì tí ẹ ní kó wá fi òru mẹ́ta ṣọ́? Èwo ni ti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ tí ẹ ní kó gbààwẹ̀? Bó bá dákú, ẹ ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ṣubú. Bí kò bá yá, ẹ ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé, ẹ sì ti fi ẹ̀bi kún ẹ̀rù fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹgba lé e. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ilé ìtọ́jú ní Nàìjíríà, ti ìsìn àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú ti ìjọba, tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ayé ìjọba òyìnbó ni mo ń sọ. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ fi owó ọkọ̀ dókítà sí i lọ́wọ́. Àlùfáà tó bá ṣe méjèèjì ni mo máa dìde kí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò mọ ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ṣe rí. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kàwé ìṣègùn dé Bìrìtìkó, padà wá sílé wá ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò. Kí ló ṣe? Kò kó aláìsàn pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀, àwọn àgbẹ̀ gba aláìsàn sílé, wọ́n gbowó yàrá. Ẹbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, bó bá di ọ̀sán, á padà sí abúlé, á bá wọn jókòó, á bá wọn ṣe iṣẹ́ oko tó bá lè ṣe. Lámbò tilẹ̀ pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa mọ́ra, ó ní kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó, WHO sì fi í ṣe igbá-kejì olùdarí àgbà wọn nígbà tó yá. Àwọn tó gba aláìsàn sílé yẹn, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà. Wèrè pọ́nńbélé ni àwọn mìíràn tí wọ́n gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù méjì, ìyàwó ilé yín tí àyà rẹ̀ ń já lẹ kò lè bá gbé.

Ẹ̀yin òbí, èmi náà wà nínú yín. Ní 1960, oníṣègùn ọpọlọ kan tó wá láti Kánádà, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ wa. Orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí, wọ́n ń wo ìwé, ìwé kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n fún un lórúkọ, “brain fag,” tó túmọ̀ sí pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ayé ìgbà náà mọ̀ pé odindi ẹbí ló ń dáwó rán ọmọ kan, ọmọ náà sì mọ̀ pé bí òun bá fìdí rẹmi, ojú gbogbo ilé ló máa tì. Kí ló wá yí padà? JAMB ń bọ̀, ẹ ti ń ka iye tí ọmọ àdúgbò gbà fún un. Ó wọ yunifásítì tán, ẹ ń pè é lálaalẹ́: “Ṣé o mọ iye tí mo ta ilẹ̀ yẹn?” Ó dé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tọ́jú arúgbó òyìnbó lóru, tó ń sùn wákàtí mẹ́ta, fóònù dún: òrùlé ìyá àgbà ń jò, ọdún Iléyá ti dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbéyàwó. Kò sí ẹni tó béèrè pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún ní Ẹ́ńgílandì, ẹ gbọ́: ẹ lè fi ara yín sí ìwé fún ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu ti NHS, Talking Therapies, láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé rán yín, láìsan owó. Ẹ má tìtorí ará ilé jókòó kú síbẹ̀.

Ìtọ́jú wà, kò sì jọ ohun tí ẹ rò. Dókítà á kọ́kọ́ yẹ ara wò, torí gẹ̀gẹ̀ ọrùn lè mú àyà sáré, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú un sáré, ọkàn fúnra rẹ̀ lè ṣàìsàn. Bí kò bá sí ìwọ̀nyẹn, ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu ló kàn: onítọ̀hún á kọ́ bí a ṣe ń mí èémí síta díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìpayà bá dé, á kọ́ láti wo èrò tó ń dẹ́rù bà á lójú, á sì máa padà síbi tó ń sá fún ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Obìnrin onígàrí wa, wọn kò ní tì í sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan á kọ́kọ́ bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà ìlú, wọ́n á dúró níbẹ̀ títí àyà á fi rọ̀, wọ́n á padà. Ọjọ́ mìíràn, wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró. Oògùn náà wà, bíi sertraline àti fluoxetine, kì í ṣe oògùn oorun, ó sì máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibẹ̀ lẹ ti ń bà á jẹ́: ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ ní kò ṣiṣẹ́, ẹ ní kó da á nù.

Bí ẹnì kan bá sì ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Bíbi í kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń fún un láyè láti sọ ọ́ ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò oko kúrò nínú ilé náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìjọba náà kò gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ bí mo ti ń bá yín wí. Òfin tí àwọn òyìnbó ṣe nípa “wèrè” ní 1916 la ṣì ń gbé kiri títí di oṣù Kíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ní Ọ̀ṣun, wọ́n ti dán an wò pé kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mọ irú àìsàn yìí, kí wọ́n tọ́jú èyí tó rọrùn, kí wọ́n rán èyí tó le lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ẹ̀yin tí a dìbò fún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn wa, kí ló ń dí yín lọ́wọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa ni ìyá onígàrí máa kọ́kọ́ dé, kò ní kọ́kọ́ dé Ìlọrin.

Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Àrán-Ọ̀rin, mo mọ̀ pé ẹ ti ń gba owó aṣọ ẹbí jọ fún ayẹyẹ tó ń bọ̀. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi san owó ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní, lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán, tàbí sí UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìlọrin, tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Bùdó-Ẹ̀gbá, lọ àti bọ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó sọ̀rọ̀ sí ìyàwó lójú mi, ìwọ ni kó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Kí o di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ibùdókọ̀, bí ara rẹ̀ bá sì gbà á, kí o jókòó tì í nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi dé Òmù-Àrán, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ lójú ọ̀nà.